Mágínẹ́ẹ̀tì ò lè gbà wá lọ́wọ́ kòtò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú Micra tó ń gbé wa bọ̀ láti Bẹẹrẹ, ọmọkùnrin kan fi fídíò hàn wá lórí fóònù: mọ́tò tí kò ní táyà, tó ń rá bàbà lójú títì bí àṣá. Awakọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí kòtò ni. Ó ní, "Mágínẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ọjọ́ tó bá dé Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kòtò parí." Gbogbo èrò ṣe àmín.

Èmi nìkan ni mi ò ṣe é. Ó ti tó ọdún 39 tí mo ti ń tún rédíò ṣe, mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà ló kún ṣọ́ọ̀bù mi. (Mágínẹ́ẹ̀tì yìí náà là ń pè ní òòfà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wá obìnrin o.) Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tójò bá ti dá, a ó so ó mọ́ okùn, a ó máa wọ́ ọ nínú yanrìn tí àgbàrá gbé wá, irun dúdú á sì bò ó. Irin inú ilẹ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, kì í tì í. Tí iyẹ̀pẹ̀ Ìbàdàn bá tiẹ̀ lágbára kankan lórí mágínẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ilẹ̀ náà ni yóò fà á mọ́.

Mágínẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lè tì í sókè, àbí kọ́pà tàbí páànù àlùmíníọ̀mù, ìyẹn náà tó bá ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Shanghai tó ti sá kìlómítà 431 rí ní wákàtí kan, ṣe ló na apá sábẹ́ ọ̀nà tí wọ́n kọ́ fún un, abẹ́ yẹn ni mágínẹ́ẹ̀tì oníná ti ń fà á sókè. Ti Jápàn, tó sá 603 lọ́dún 2015, táyà ló fi ń rìn títí eré rẹ̀ á fi tó bí 150. Wáyà tí wọ́n ká sí ògiri ọ̀nà náà ló wá ń gbé e. Ẹni tó bá rówó tẹ́ kọ́pà láti Bẹẹrẹ dé Mọ́kọ́lá, ṣé ọ̀dà àti òkúta tí yóò fi dí kòtò ló máa wọ́n ọn?

Ẹ bá mi sọ fún awakọ̀ náà kó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Màá kọ ojú tí mágínẹ́ẹ̀tì méjì fi ń ti ara wọn síra wọn, kó gbìyànjú kí ọ̀kan léfòó lórí èkejì láìfọwọ́ kàn án. Samuel Earnshaw, ará Ìlú Ọba, ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1842 pé kò ní dúró. Ṣe ni yóò yí bírí, tí yóò gbá mọ́ra. Kó ṣọ́ ìka rẹ̀.

Bàbá Onírédíò,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.