Àjàní, dìde lọ wo òkúta Dhauli

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé oòrùn Bhubaneswar ní Íńdíà kò tíì bó awọ ara rẹ? Ilé dára, àfi ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Àbẹ̀kẹ́.

Mo rí ohun tí o kọ sórí Wọ́sáàpù ẹbí, pé o jẹ̀bi, pé inú ló bí ọ. Gbogbo àwọn àǹtí rẹ ló ń yìn ọ́. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ìtàn ni mo fi tọ́ yín, nítorí náà fara dà á fún mi. Kalinga ni wọ́n ń pe agbègbè tí o wà yẹn láyé ijọ́un. Ní nǹkan bí ọdún 261 ṣáájú ìbí Jésù, Ọba Ashoka, ọmọ-ọmọ Chandragupta tó dá ìjọba Maurya sílẹ̀, gbógun tì wọ́n, ó sì ṣẹ́gun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ iye rẹ̀: 100,000 èèyàn kú, wọ́n kó 150,000 kúrò nílé wọn, àwọn tí ìyà ogun pa lẹ́yìn náà tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ó dun òun, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta. Ọba wo lo tún gbọ́ pé ó ṣẹ́gun tán, tó wá ń ròyìn ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀?

Ó tún gbẹ́ kànga, ó gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ṣètò ìtọ́jú fún èèyàn àti ẹranko. Nílé ìdáná ààfin, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran lọ bí ilẹ̀ bí ẹní tẹ́lẹ̀, ó dín in kù sí ọ̀kín méjì àti àgbọ̀nrín kan lójúmọ́. Ó ní àgbọ̀nrín náà kì í tilẹ̀ ṣe ojoojúmọ́. (Àgbọ̀nrín yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ẹran ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.)

Àmọ́ dìde lọ wo òkúta Dhauli, èyí tí wọ́n gbẹ́ erin sí lókè. Kò jìnnà sí ọ. Àwọn àṣẹ ọba kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó fi kábàámọ̀ ogun kò sí níbẹ̀. Ó wà ní Girnar lápá ìwọ̀-oòrùn, ó wà ní Shahbazgarhi ní Pakistan òde òní, kódà wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gíríìkì sí Kandahar ní Afghanistan òde òní. Ohun tó kọ fún àwọn ará Kalinga ni pé ọmọ òun ni gbogbo èèyàn. Kò sì dá ilẹ̀ wọn padà.

Bóyá kò fẹ́ tún fọwọ́ kan egbò náà. N kò dá a lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn Kalinga tó dúró nídìí òkúta yẹn, tí akọ̀wé ọba ń kà á sí i létí, ó ti retí ọ̀rọ̀ kan títí, kò gbọ́ ọ.

Aago méje alẹ́ ni Àbẹ̀kẹ́ máa ń ti ọjà dé. Mo mọ̀ pé mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù lọ́dọ̀ yín nígbà náà. Má tíì sùn. Òun ni kí o pè, kì í ṣe èmi.

Bàbá rẹ