Àkàrà ìyá mi àti pakora ará Lahore

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé àwọn tó ń dáná tà lẹ́bàá títì ń ba ìlú jẹ́, àti pé níbi tí ojú bá ti là, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń jẹun. N ò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú kan dé tó jẹ́ pé ojú títì gan-an ni ilé ìdáná wọn, mo sì ní kí n fèsì.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági Tuntun. Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ sí Lahore ní Pakísítánì, láti lọ wo aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọn. Ọjà Azam tí wọ́n ti ń tà á wà nínú ìlú àtijọ́. Ìlú olódi ni, bíi tiwa láyé ijọ́un. Ẹnubodè 13 ni wọ́n ní ó ní láyé àtijọ́. Ẹnubodè Delhi la gbà wọlé. Aṣọ ni mo bá wá, àmọ́ imú ò jẹ́ kí ojú ríran.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ni ọkùnrin kan tó jókòó ti agbada òróró. Pakora ló ń dín: ìyẹ̀fun ẹ̀wà, àlùbọ́sà, ọ̀dùnkún àti ata tútù. Wọn kì í rẹ ẹ̀wà, wọn kì í bó o, wọn kì í lọ̀ ọ́ bíi tiwa. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni wọ́n ń fi omi pò. Mo jẹ ọ̀kan, mo ní àbúrò àkàrà nìyí. Mo jẹ ìkejì, mo dákẹ́.

Ọkùnrin ni mo pè é, ẹ ò gbọ́ mi ṣì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ka olóúnjẹ 20, n ò rí obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ọkùnrin ló ń po ìyẹ̀fun, ọkùnrin ló ń dín, ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹ́úkẹ́ ló ń bù fún ni. Bí a bá sì fẹ́ jókòó, wọ́n á ní kí n kọjá sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó mú obìnrin dání. Mo rò ó títí. Nílé wa níbí, ta ni yóò ra àkàrà lọ́wọ́ ọkùnrin? Baji ni wọ́n ń pè mí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú, kí aláṣọ kan tó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ti oúnjẹ àárọ̀ wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Sẹmó ni wọ́n ń jẹ, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀fọ́: ṣúgà àti òróró bọ́tà ni wọ́n fi ń rò ó! Wọ́n á wá fi nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n dín tó wú bíi bọ́ọ̀lù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wà róbótó tó lata. Ojú mi ò gbà á. Àbúrò mi jẹ tirẹ̀ tán, ó jẹ tèmi mọ́ ọn.

Èyí tí ojú mi gbà ni nihari. Ẹran itan màlúù ni, láti alẹ́ mọ́jú ni wọ́n ti ń sè é, títí tí kò fi ní lo eyín mọ́. Inú nahar, ojúmọmọ ní èdè Lárúbáwá, ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ, torí òwúrọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n á rẹ́ atalẹ̀ lé e lórí, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á gbé búrẹ́dì gbígbóná tì í. Ẹni tó wọ kóòtù àti ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ ohun kan bí ìlù. A tẹ̀lé ìró náà dé ìdí páànù irin ńlá, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi irin pẹlẹbẹ méjì gé ọpọlọ, kíndìnrín àti ọkàn ewúrẹ́ lórí iná: taka-tak, taka-tak. Orúkọ oúnjẹ náà nìyẹn.

Níwájú Mọ́sáláṣí Badshahi, tí Ọba Aurangzeb kọ́ parí ní 1673, wọ́n ya òpópónà kan sọ́tọ̀ fún oúnjẹ nìkan, ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀. Ó dùn ún wò lóru. Àmọ́ owó àlejò ni wọ́n ń gbà níbẹ̀; inú kọ̀rọ̀ ìlú àtijọ́ tẹ́ mi lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò purọ́ tán o. Gol gappa, nǹkan róbótó díndín kan tó ní ihò nínú, tí wọ́n ń bu omi kíkan sínú rẹ̀, àbúrò mi jẹ mẹ́fà, ọjọ́ méjì ló sì fi sáré lọ sáré bọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi ni. Ẹ fún alákàrà ní omi ẹ̀rọ, ẹ bo gọ́tà iwájú rẹ̀, ẹ fi ibi tí ọkọ̀ ò ti ní gbá a hàn án, kí ẹ tó máa pè é ní onídọ̀tí.

Ọdún 26 ni ìyá mi fi dín àkàrà lójú títì, òun ló fi rán àwa mẹ́rin nílé ìwé. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù dé, wọ́n fẹsẹ̀ ta agbada dànù tòun ti òróró gbígbóná. Àpá ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí a fi sin ín.

Lọ́jọ́ tí à ń bọ̀, mo padà sọ́dọ̀ onípakora mi. Ó fi mẹ́ta ṣe ènì fún mi, ó wé e sínú abala ìwé ìròyìn èdè wọn. Olóòtú, tiyín ni ìyá mi máa ń rà lókìtì, èyí tó ti pẹ́. Ó ní yíǹkì tiyín kì í tètè ran àkàrà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aláṣọ,
Ọjà Gbági Tuntun, Ìbàdàn.