Ẹ má fi dróònù dẹ́rù ba ẹṣin ní Ojúde Ọba

Olóòtú,

Èmi náà ń fi dróònù, ẹ̀rọ tó ń fò tó sì ń yàwòrán látòkè, jẹun. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni mò ń yà káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì mọ bí aṣọ àwọn régbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) ṣe ń dán tó béèyàn bá wò ó látòkè.

Àmọ́ níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba kan, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹnì kan rẹ tirẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹṣin ìdílé Balógun kan. Ó ń kùn bí agbọ́n! Ẹṣin ta sókè, ọmọ kékeré tó jókòó níwájú bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Àyà mi já. Ẹ̀rọ tó lè ga ju 100 mítà lọ, kí ló ń wá létí ẹṣin?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ Ojúde Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààlà fún wa, kí ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà) lọ́wọ́ wa.

Ayàwòrán kan,
Ìjẹ̀bú-Òde