Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Àkànbí

Ìtokú, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ti délé láyọ̀, àfi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ díẹ̀ ní Ṣàgámù. Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí Àkànbí ọmọ rẹ, ọkọ tèmi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ sọ níṣojú ọkọ rẹ, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé. Lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ yẹn, mo pa àlọ́ fún ọmọ náà: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ó ní kí ni tìróò. Mo ní nǹkan dúdú tí à ń lé sójú ni. Ó dákẹ́, ó ń mi ẹsẹ̀ lórí itan mi. Ó wá ní, “Ìbẹ́pẹ ni, Màmá Àgbà.” Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí o fi já a gbà: “Rárá o, ẹ̀wà ni!” Ẹsẹ̀ tó ń mì dúró.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìbẹ́pẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni, Àbẹ̀kẹ́. Ó rántí pé kóró inú rẹ̀ pọ̀, pé wọ́n dúdú, pé ikùn kan náà ni gbogbo wọn wà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ro ìyẹn pọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ̀wà tí ìwọ dáhùn, ohun tí mo sọ fún ọ láti kékeré lo rántí. O ò rò ó. Ká ní o fún un láyè ni, ǹ bá bi í pé: kóró ìbẹ́pẹ dúdú látòkè délẹ̀, ojú tó lé tìróò sí dà? Ibẹ̀ ni ì bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ẹ̀wà.

Nígbà tí o lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun náà pa tirẹ̀: “Ó jókòó sórí iná, ó ń súfèé.” Mo mọ̀ pé kẹ́tù ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ẹ̀rín tí ọmọ yẹn rín! Ó ní ṣé ìkòkò ọbẹ̀ máa ń súfèé ni? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún mi.

Mi ò bá ọ wí bí ẹni tí kò ṣe é rí. Ìwọ náà ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí o mú ìyẹ́ adìyẹ mi, tí o fi èkọ láfún ya ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sí etí àdìrẹ Ìbàdàndún tí oníbàárà ń dúró dè. Mo gbá ọ létí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè ọ́ síṣẹ́, o ó ní kí n kọ́kọ́ yà á, kí o tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ wá mọ́ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n o ò dá ọnà kan sílẹ̀ títí o fi lọ sílé ọkọ. Ó ṣì ń dùn mí. Àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó n’Íbàdàn tó wà lára Ìbàdàndún, kì í ṣe ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà. 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Aládìrẹ kan ló wo òpó, tó rò ó pé èyí lè bọ́ sára aṣọ. Bóyá ìyá tirẹ̀ ò gbá a létí.

Ní ti Yorùbá tí ẹ ní kí n yéé bá Àkànbí sọ nítorí iléèwé, mi ò ní gbọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fọ́dún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́nu Àkànbí ò tíì tó ìbéèrè tó wà níkùn rẹ̀.

Mo fi ìyẹ́ adìyẹ mẹ́ta àti aṣọ funfun ọ̀pá méjì rán awakọ̀, lọ gbà á ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé. Ro láfún kó ki, ṣùgbọ́n má fi álọ́ọ̀mù tí à ń pò mọ́ èkọ àdìrẹ sí i o. Ọwọ́ ọmọdé kì í kúrò lẹ́nu. Tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, kí o gbé tíì rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ya ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, bi í pé ibo ló ń sáré lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ