Àyè Ìwádìí ní Dẹ́nmáàkì àti Èsì Másítà Tí Kì Í Jáde Lásìkò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí àti àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Èkìtì létí, nítorí ó ń dùn mí dọ́kàn.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbọ́ pé yunifásítì kan ní Dẹ́nmáàkì ń wá ẹni tí yóò ṣe ìwádìí gboyè ọ̀mọ̀wé, ilẹ̀ tí a ó tà ni a kọ́kọ́ ń rò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ka ipò náà sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́. Wọn a fún ẹni tí wọ́n bá mú ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, wọn a máa san owó oṣù fún un, wọn a sì máa dá owó ìfẹ̀yìntì sí i. Òun náà yóò ṣe ìwádìí, yóò gba àwọn ẹ̀kọ́ kan, yóò sì bá ẹ̀ka rẹ̀ ṣiṣẹ́, pàápàá kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sábà máa ń tó wákàtí 840 láàárín ọdún mẹ́ta náà. Yunifásítì Copenhagen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1479, àti ti Aarhus, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, ń kéde irú àyè báyìí fún tẹrú-tọmọ, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé béèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá ọmọ yín gba fọ́ọ̀mù, ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìwé ẹ̀rí másítà àti èsì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú lẹ́tà àti àlàyé ìwádìí. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti ń kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe másítà lórí bí a ṣe lè tọ́jú iṣu kí ó má jẹrà. Ó gbèjà àpilẹ̀kọ rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò, wọ́n ní ó yege, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rìnlá kọjá kí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó fọwọ́ sí èsì náà. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Fáìlì rẹ̀ wà lórí tábìlì, okùn pupa tí wọ́n fi dì í kò tíì tú, eruku sì ti bo orúkọ rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, àyè tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ní Dẹ́nmáàkì ti tì.

Àwọn kan yóò ní bí a bá tètè fún àwọn ọmọ níwèé, wọn yóò lọ, wọn kò ní padà. Èmi kò rí ọmọ tí fáìlì tí a kò tú dá dúró sílé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn yunifásítì Dẹ́nmáàkì máa ń ní kí olùwádìí lọ lo oṣù mélòó kan ní ilé ìwádìí mìíràn. Ọmọ Èkìtì kan lè bẹ̀bẹ̀ kí tirẹ̀ jẹ́ ní Adó tàbí Ọ̀yẹ́, bí a bá ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe tán láti gbà á.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n dá gbèdéke oṣù méjì fún èsì másítà lẹ́yìn ìgbèjà, kí wọ́n sì lẹ orúkọ òṣìṣẹ́ tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde, kí ọmọ lè mọ ẹni tí yóò bi.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjerò-Èkìtì.