Báwo ni omi Ọ̀ṣun ṣe ga tó? Ẹ sọ ọ́ fún wa

Sí Olóòtú,

Ní òru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì, omi Ọ̀ṣun bá wa lórí ẹní nínú ilé wa lẹ́bàá Gbódòfọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ba máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mi jẹ́, ó sì ti sọ àpò gààrì méjì di ẹ̀bà. Ẹrù ṣeé tún rà. Ohun tó ru mí nínú ni ọ̀gá kan tó bọ́ sórí rédíò láàárọ̀, tó ní ìjọba ti kìlọ̀ fún àwa ará etí odò tipẹ́.

Ìkìlọ̀ wo? Wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò máa ṣọ́ra, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá. Kò sí ẹni tó sọ bí omi ṣe ga tó àti ibi tí yóò dé. Òjò ọjọ́ náà kò tilẹ̀ pọ̀ ní Òṣogbo. Èyí tó rọ̀ lókè odò, lọ́nà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ló ṣàn dé bá wa lóru, lẹ́yìn tí a ti wo ojú sánmọ̀ tí a sì ti sùn.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún àlejò tí kò mọ ìgbà tí yóò dé? Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, kọ́kọ́ tẹ̀dó sétí odò, ìtàn ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó lọ sórí ilẹ̀ tó ga. Òrìṣà júwe ibi tí wọn yóò lọ. Àwọn aláṣẹ wa kò júwe nǹkan kan.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí wọ́n ri òpó kan mọ́ ẹsẹ̀ afárá, kí wọ́n fín ìwọ̀n sí i lára, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà mẹ́ta. Tí omi bá ṣì wà lára ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kí kálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá dé ọ̀dà ìyeyè, ó ti ń bo bèbè àti oko ẹ̀fọ́. Tó bá kan pupa, ilé ló kù. A kò gbọ́dọ̀ fi ojú lásán yan àwọn ààlà wọ̀nyí, lára ògiri ilé wa níbi tí omi dé láwọn ọdún tó kọjá ni kí wọ́n ti wọ̀n wọ́n. Ọmọ mi tó ń gbé ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé ẹsẹ̀ bàtà 30 ni odò Mississippi gbọ́dọ̀ dé lára irú òpó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kéde pé omi ti kún, àti pé lọ́dún 1993 ó dé 49.58. Kí ẹnì kan máa ka tiwa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn dúró sí afárá kan lókè odò pẹ̀lú fóònù, kí rédíò sì máa ka iye náà ní Yorùbá kedere. Owó pátákó ìpolongo kan ti tó o ṣe.

Kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú odò, kí wọ́n la gọ́tà. Àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ lójú omi mọ ara wọn. Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ti ọdún 1980, kò sì gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011.

Òjò oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, a kò sì tíì mọ bí omi ṣe ga tó. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbi tí ti Ọjọ́bọ̀ dé lára ògiri pálọ̀ wa, ó ga ju orúnkún mi lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kó kàn wá kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Onílé kan lẹ́bàá Gbódòfọ̀n,
Òṣogbo.