Lẹ́tà sí Àkànní lórí àwọn receiver Patriots àti ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí wọn

Worcester, Massachusetts,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ 18, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará ilé n'Ìbàdàn. A dúpẹ́, àlàáfíà ni a wà níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ti ń wọlé. Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìdíje Frankfurt ní Jẹ́mánì, pé kí New England Patriots, ẹgbẹ́ wa nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà (American football), tètè lé Mac Jones lọ kí ara lè tù wá. Mo mọ̀ pé inú ló bí ọ, inú bí èmi náà, ṣùgbọ́n mi ò lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá ọ lóhùn. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa kò mọ sórí quarterback, ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù bíi Jones, nìkan. Ọ̀dọ̀ àwọn receiver, ìyẹn àwọn tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí, tí wọ́n ń fi ìgbà gbogbo pààrọ̀ mọ́ ọn lójú, ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún ọ níbi tí o ti jàre. Nígbà tí ìdíje ọjọ́ Àìkú náà ń lọ sópin, àmì mẹ́rin péré ni àwọn Indianapolis Colts, alátakò wa, fi ń ṣíwájú wa, a sì ti sún mọ́ ilé wọn tó bẹ́ẹ̀ tí touchdown kan, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ ilé alátakò, ì bá fi yí gbogbo rẹ̀ padà. Mike Gesicki tiwa ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Jones kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ńṣe ni ó ń fà sẹ́yìn bí ó ti ń ju bọ́ọ̀lù náà, bọ́ọ̀lù náà sì rọ lójú òfuurufú, kò dé ọ̀dọ̀ Gesicki, Julian Blackmon ti Colts gbà á. Wọ́n ní kí Jones lọ jókòó. Bailey Zappe, quarterback wa kejì, wọlé, òun náà díbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ kí aago lè dúró, ó wá jù ú sáàárín àwọn Colts tí wọ́n ti pé jọ síbẹ̀, Rodney Thomas sì gbé e. 10 sí 6 ni ó parí sí. Nínú ìdíje 10 tí a ti ṣe, 2 péré ni a ti borí.

Mi ò gbèjà ìjù yẹn. Mi ò sì gbèjà èyí tí ó jù ní Dallas, tí ó ju bọ́ọ̀lù láti apá kan pápá sí apá kejì, tí DaRon Bland tiwọn gbà á tí ó sì sá a délé, lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá ní 38 sí 3. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí ọmọ tí a rí ní 2021? Òun ni ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n mú nínú draft ọdún náà, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì, ó wá láti Alabama. Ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju bọ́ọ̀lù fún 3,801 yáàdì àti touchdown 22, a borí nínú ìdíje 10, a sì wọ playoffs, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó yege lẹ́yìn sáà, kí Buffalo tó lé wa padà sílé. Josh McDaniels ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà nígbà náà. McDaniels lọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà fún Las Vegas Raiders, Bill Belichick, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tiwa, sì fa iṣẹ́ náà lé Matt Patricia lọ́wọ́, ẹni tí a mọ̀ sí iṣẹ́ dídènà àwọn alátakò, tòun ti Joe Judge. Ní ọdún yìí, Bill O'Brien ni. Ọdún mẹ́ta, ọ̀gá mẹ́ta.

Ìwọ náà mọ̀ pé quarterback kì í dúró kí receiver yíjú sí i kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Ibi tí receiver náà kò tíì dé ni ó ń jù ú sí, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹni náà yóò wà níbẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀. Bí onílù àti oníjó ni wọ́n rí: bí ojú wọn kò bá mọ ara wọn, ìlù á lọ sọ́tọ̀, ẹsẹ̀ á lọ sọ́tọ̀. Ta wá ni ojú Jones mọ̀ dáadáa?

Jakobi Meyers ni, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ. Ẹgbẹ́ kankan kò mú ọmọ yìí nínú draft 2019, síbẹ̀ òun ni ó ṣíwájú gbogbo receiver wa fún ọdún mẹ́ta léraléra. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe quarterback rí kí ó tó di receiver, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí òun àti Jones fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ní oṣù Kẹta tó kọjá, àwọn Raiders fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta, tiwa sì fún JuJu Smith-Schuster ní àdéhùn ọdún mẹ́ta dípò rẹ̀. Nígbà tí a lọ bá àwọn Raiders ní oṣù Kẹwàá, Meyers ni ó gba touchdown wọlé sí wa lára. Ó dùn mí gan-an. Ní ti Smith-Schuster, o rí bí ìdíje Washington ṣe parí, tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì ta kúrò níbẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ alátakò.

Nelson Agholor, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó, lọ sí Baltimore ní àkókò kan náà. Mo ṣì ń rí bọ́ọ̀lù yáàdì 44 tí Jones jù sí i ní Pittsburgh ní ọdún tó kọjá, bí ó ṣe fò sókè tí ó já a gbà lórí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ìgbọ́kànlé ni bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń jù sí àlejò.

Nínú àwọn tí ó kù, Kendrick Bourne ni ọ̀pá ìdúró wa, touchdown méjì ni ó gbà lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú àwọn Eagles. Iṣan orúnkún rẹ̀ já ní Miami ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún yìí sì parí fún un. Tyquan Thornton ń sáré bí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá tí a fi ipò 50 mú un, ipò 52 ni Pittsburgh ti mú George Pickens, receiver tí ó dáa jù ú lọ, ẹ̀dùn ọkàn ni èyí sì jẹ́ fún mi. Ní 2019 náà, N'Keal Harry ni a mú, a sì fi A.J. Brown tí ó dáa jù ú lọ sílẹ̀. Kódà wọ́n gbé Malik Cunningham, tí ó jẹ́ quarterback ní Louisville, wọ inú àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ receiver.

Ohun tí ó ń bí mi nínú jù lọ ni ọ̀rọ̀ Demario Douglas. Ipele kẹfà draft ni a ti mú ọmọ yìí, kò ga, ṣùgbọ́n bí ó bá gba bọ́ọ̀lù tán, ẹni kan kì í tètè rí i mú. Bọ́ọ̀lù já lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé Miami ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì mú un jókòó títí ìdíje náà fi parí. Kayshon Boutte náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo tí kò balẹ̀ nínú pápá ni kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tí ó gbà ní ìgbẹ̀yìn ìdíje Eagles tọ́ sí wa, lẹ́yìn náà ó pẹ́ kí a tó tún rí i lórí pápá. Ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ pé àṣìṣe kan lè lé òun sórí bẹ́ǹṣì kò ní fi ọkàn balẹ̀ sáré, quarterback tí kò sì mọ ẹni tí yóò wọlé lọ́la kò ní fi ọkàn balẹ̀ jù.

Ẹ̀rí mi ni ìdíje Buffalo ti ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá. Bourne àti Douglas wà lórí pápá. Jones ju bọ́ọ̀lù 30, 25 dé ọwọ́ àwọn tí ó jù ú sí, nígbà tí ó sì ku ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni Gesicki gba touchdown tí ó fún wa ní 29 sí 25. Ẹni kan náà tí o ní kí wọ́n lé ni ó ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bourne farapa.

Mo gbà pé ẹ̀rù ti wọ Jones lára, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀rù yẹn má kúrò mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fẹ́ fi ọdún karùn-ún kún àdéhùn rẹ̀, mi ò sì rò pé wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Zappe náà kì í ṣe ìdáhùn, nítorí ní ìparí oṣù Kẹjọ àwọn fúnra wọn yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n tó tún pè é padà. Gbogbo èèyàn níbí ń dárúkọ Caleb Williams ti USC àti Drake Maye ti North Carolina, quarterback yunifásítì méjì. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú wọn wá bá àwọn receiver tí a ní yìí, tí wọ́n sì ń bá pípààrọ̀ yìí lọ, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Bí ó bá wà ní ìkáwọ́ mi, bí ipò wa bá dára tó nínú draft oṣù Kẹrin, Marvin Harrison kékeré, receiver Ohio State, ni n ó mú kí n tó mú quarterback kankan. Ní báyìí ná, kí Belichick yan receiver mẹ́ta, kí Douglas jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ lórí pápá títí ọdún yóò fi parí, àní bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ já lọ́wọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ń sinmi. Ní ọjọ́ 26 a óò pàdé àwọn Giants ní New Jersey, Belichick kò sì tíì sọ ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ láàárín Jones àti Zappe.

Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí o sì sọ fún mi bóyá o ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ, àti ẹni tí ìwọ yóò mú láàárín Harrison àti Maye. Bá mi kí Ìyá fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àlàó.